Mọ́tò Kan Náà, Owó Ọ̀tọ̀tọ̀: Ògiri Wo Ló Wà Láàárín Ìdí-Ìrókò àti Ìgólò?

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọ̀dọ́ oníṣòwò kan sọ lágbègbè Ìpókíá ni mo tún kọ sílẹ̀ yìí, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní kí n kọ ọ́ káwọn lè fi ránṣẹ́ sáwọn tí ò ráàyè wá. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo ṣe kọ ọ́, àwọn ibi tí ọ̀rọ̀ ti gùn, ẹ bá mi fara dà á.

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Gbogbo wa la mọ Ìdí-Ìrókò. Ẹni tó bá dúró ní bódà yẹn tó kọjú síwọ̀ oòrùn, Ìgólò ló ń wò yẹn, ilẹ̀ orílẹ̀-èdè Benin nìyẹn. Èdè ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, tẹ́ ẹ bá ní ẹ káàárọ̀ wọ́n á dá yín lóhùn, ẹlòmíì wà tó jẹ́ pé ìyá ẹ̀ ti ibí wá, bàbá ẹ̀ ti ọ̀hún wá, ibojì bàbá bàbá ẹ̀ wà ní Kétu. Tí ẹ̀wà bá wọ́n níbí, àwọn ìyá olọ́jà á sọdá lọ rà á lọ́hùn-ún, kó tó dọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ owó ẹ̀ á ti fẹ́ bára mu. Tí tòmátì bá wọ́n lọ́hùn-ún, wọ́n á wá rà á níbí. Bọ́jà ṣe ń rí nìyẹn látìgbà táwọn bàbá wa ti ń ná an.

Àmọ́ mọ́tò tuntun ńkọ́? Mo ń sọ tear rubber o, kì í ṣe tòkunbọ̀. Iléeṣẹ́ kan náà ló ṣe é, ọkọ̀ òkun kan náà lè gbé méjèèjì wá, á já ọ̀kan sí Kútọnu, á já ìkejì sí Èkó, àárín ìlú méjèèjì ò ju wákàtí mélòó kan lọ nínú ọkọ̀ tí sún-kẹẹrẹ ò bá pọ̀. Síbẹ̀ owó ibí lọ́tọ̀, owó ọ̀hún lọ́tọ̀, ọdún á sì máa gorí ọdún kò ní bára mu bíi ti ẹ̀wà. Kí ló dé?

Tẹ́ ẹ bá bi ọ̀pọ̀ èèyàn, owó ìbodè ni wọ́n á sọ. Òótọ́ ni wọ́n sọ, àmọ́ ọ̀rọ̀ ò tán síbẹ̀. Ohun tó ń mú kí mọ́tò wọ́n nílùú kan lè pọ̀ lóríṣiríṣi, ó lè jẹ́ owó orí, ó lè jẹ́ owó ìlú tó já wálẹ̀, ó sì lè jẹ́ ẹni tó ń tà á ló mọ̀ pé àpò àwọn oníbàárà ibẹ̀ wúwo. Ṣùgbọ́n ohun tó ń jẹ́ kó wọ́n tí kò sì wálẹ̀ mọ́, ohun kan ṣoṣo ni: nǹkan kan ò jẹ́ kẹ́ni tó fẹ́ rà á sọdá lọ rà á níbi tó ti dínwó kó sì gbé e wálé ní gbangba. Nǹkan yẹn ni mò ń pè ní ògiri. Gbogbo ibi tẹ́ ẹ bá ti rí i láyé yìí tí mọ́tò tuntun wọ́n nílùú kan tó sì dínwó nílùú tó múlé gbè é, ẹ wá ògiri ẹ̀, ẹ ó rí i. Ohun tó yẹ ká máa bi ara wa ni pé ta ló mọ ògiri yẹn, kí ló fi mọ ọ́, ta ni owó ẹ̀ sì ń wọ àpò ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀, ẹni tó bá ní fóònù lọ́wọ́ kó bá mi ṣe é.

Ká ní mọ́tò tuntun kan, owó tí wọ́n rà á pẹ̀lú owó ọkọ̀ òkun àti ìnṣọ́ráǹsì tó fi gúnlẹ̀ jẹ́ dọ́là 20,000. Lọ́dún 2013, ìjọba Goodluck Jonathan gbé ètò kan kalẹ̀ lórí iléeṣẹ́ mọ́tò, Olúṣẹ́gun Àgàńgà ni mínísítà tó wà nídìí ẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ gbé odindi mọ́tò tuntun wọlé, á san dúútì, ìyẹn owó ìbodè, 35%, á tún san lífì, ìyẹn owó àfikún, 35% lé e, 70% nìyẹn. Kó tó dìgbà yẹn, dúútì 20% àti lífì 2% péré là ń san. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é ni pé wọ́n fẹ́ káwọn iléeṣẹ́ wá máa to mọ́tò pọ̀ nílé níbí, torí ẹni tó bá kó ẹ̀yà mọ́tò wọlé tó wá tò ó pọ̀ ní Nàìjíríà, owó tiẹ̀ kéré gan-an. Mi ò ní bú èrò yẹn o. Ẹni tó bá ń gba ọ̀nà Bàdágírì á ti kọjá níwájú ibi tí iléeṣẹ́ Volkswagen wà tẹ́lẹ̀ ní Ọ̀jọ́, l'Ékòó, 1975 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ síí to mọ́tò níbẹ̀, Ìjàpá tí àwọn bàbá wa ń wà kiri, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ibẹ̀ ló ti jáde, bí Peugeot 504 náà ṣe ń jáde ní Kàdúná. Iṣẹ́ wà fún àwọn ọmọ ìlú, ó sì dùn mí pé ó rọlẹ̀. Èrò láti jí i dìde dáa.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ìṣirò ẹ̀. 70% lórí dọ́là 20,000, dọ́là 14,000. Ẹ wá fi VAT, ìyẹn owó orí ọjà, tó jẹ́ 5% nígbà yẹn lé e, dọ́là 1,700. Gbogbo ẹ̀ di dọ́là 35,700. Ẹ jẹ́ ká lọ sí Kútọnu. Àdéhùn ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ni wọ́n ń tẹ̀ lé níbẹ̀, 20% ni dúútì lórí irú mọ́tò yìí, dọ́là 4,000. VAT tiwọn, tí wọ́n ń pè ní TVA, wúwo ju tiwa lọ, 18% ni, ó jẹ́ dọ́là 4,320. Gbogbo ẹ̀ di dọ́là 28,320. Mi ò ka àwọn owó kéékèèké tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan níbí àti lọ́hùn-ún, mi ò sì ka àwọn tí ìjọba bá dìídì yọ̀ǹda fún. Ìyàtọ̀ dọ́là 7,380 lórí mọ́tò kan ṣoṣo! Ṣé ẹ rí i? Òwò fàyàwọ́ tó gbilẹ̀ láwọn ọdún yẹn, kò sẹ́ni tó nílò láti lọ kọ́ ẹnikẹ́ni, ìṣirò yìí ló kọ́ wọn.

Kò dúró bẹ́ẹ̀ o. Lọ́dún 2021 wọ́n gé lífì yẹn wálẹ̀ sí 5%, ọdún tó tẹ̀ lé e, 2022, wọ́n tún un tò, dúútì di 20%, lífì di 20% fún mọ́tò tuntun àti 15% fún tòkunbọ̀. VAT ti di 7.5% láti oṣù kejì ọdún 2020. Mọ́tò dọ́là 20,000 yẹn kan náà, dúútì àti lífì ẹ̀ dọ́là 8,000, VAT dọ́là 2,100, gbogbo ẹ̀ dọ́là 30,100. Ìyàtọ̀ tó kù láàárín àwa àti Kútọnu lásìkò yẹn, lórí ìwé, dọ́là 1,780 péré. Ìyẹn ni mo fi sọ pé tẹ́nì kan bá ní owó ìbodè nìkan ni, kó tún ìṣirò ẹ̀ ṣe. Owó ìbodè ti fẹ́ bára mu, síbẹ̀ ẹ lọ bi ẹni tó fẹ́ ra mọ́tò tuntun lọ́dún 2024 bóyá ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Owó ìlú ló kàn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ná sẹ́fà, owó tí wọ́n ń ná ní Benin, ẹ mọ̀ pé sẹ́fà ò dá dúró, wọ́n so ó mọ́ yúrò ni, yúrò kan jẹ́ sẹ́fà 655.957, ó ti rí bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí yúrò ti dé. Sẹ́fà ní ìṣòro tiẹ̀, ìjà ńlá wà lórí ẹ̀, kì í ṣe ohun tí mo wá sọ lónìí. Àmọ́ ẹni tó ń ta mọ́tò ní Kútọnu, tó bá ti mọye tí mọ́tò jẹ́ lóṣù yìí, kì í sábà bà á lẹ́rù pé owó yẹn á ti di ìlọ́po méjì kó tó dọdún tó ń bọ̀. Tiwa ńkọ́? Oṣù kẹfà ọdún 2023 ni ìjọba tú náírà sílẹ̀, ẹ ṣì rántí bó ṣe rí. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò fiyè sí ni pé dúútì náà, dọ́là ni wọ́n fi ń ṣírò ẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́ di náírà, iye tí àwọn aṣọ́bodè sì fi ń ṣẹ́ dọ́là yẹn ló ń yí padà. Kó tó di ìparí oṣù kẹfà 2023, náírà 422.30 ni. Ó di 589. Ó di 770.88. Oṣù kejìlá, 951.941. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì 2024, ó ti di 1,356.883.

Ẹ padà sórí mọ́tò wa. Dúútì àti lífì dọ́là 8,000. Níbi 422.30, náírà 3,378,400. Níbi 1,356.883, náírà 10,855,064. Oṣù mẹ́jọ ò tíì pé láàárín ẹ̀ o! Kò sẹ́ni tó fi kọ́bọ̀ kan lé owó ìbodè, kò sí òfin tuntun, ẹnikẹ́ni ò dìbò lé e lórí, mọ́tò náà ò sì fi ìṣó kan ju tàtijọ́ lọ. Mo mọ àwọn èèyàn tí mọ́tò wọn wà lójú omi nígbà tí iye yẹn ń gòkè, wọ́n ti ṣírò, wọ́n ti yá owó, nígbà tí mọ́tò fi máa gúnlẹ̀, owó tí wọ́n kó jọ ò tó gbé e jáde ní wáàfù mọ́. Inú mi máa ń bàjẹ́ tí mo bá rántí ojú wọn.

Owó tí wọ́n sì yá yẹn gan-an, ìyàtọ̀ míì wà níbẹ̀. Lápá ìparí ọdún 2024, èlé tí CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, fi ṣe òdiwọ̀n fáwọn báńkì wa ti dé 27.5%. Báńkì àpapọ̀ àwọn tó ń ná sẹ́fà, BCEAO, 3.5% ni tiwọn lásìkò yẹn. Báńkì ò ní yá oníṣòwò níye yẹn o, wọ́n á fi tiwọn lé e. Ẹni tó bá wá gbé mọ́tò mẹ́wàá kalẹ̀ nínú ọgbà ẹ̀ fún oṣù mẹ́fà kó tó tà, orí ẹni tó máa rà á ni gbogbo èlé yẹn á já lé.

Ó dáa, ká ní mo gba gbogbo èyí, kí ló dé téèyàn ò kàn sọdá lọ sí Kútọnu lọ san owó, kó gba rìsíìtì, kó wà á bọ̀ wálé? Ibi tí ògiri wà nìyí. Ibí ló ti kan ẹbí mi, ibẹ̀ ni mo sì ti bẹ̀rẹ̀ síí ka ọ̀rọ̀ yìí.

Ọdún 2015 ni. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ra mọ́tò tuntun kan ní Kútọnu. Ó san owó ẹ̀, wọ́n fún un níwèé pé dúútì tí wọ́n ń san níbẹ̀ wà nínú ẹ̀. Ó bi mí, mo dá a lóhùn bí ẹni tó mọ̀, mo ní ECOWAS ti sọ dúútì gbogbo wa di ọ̀kan, pé ẹni tó bá ti san án lẹ́nu ọ̀nà kan ò tún ní san án lẹ́nu ọ̀nà kejì. Irọ́ ni mo pa fún un láìmọ̀. Ọkùnrin kan tó ní àgẹ́ńtì lòun sọ fún un pé ìwé kékeré kan ló kù tó máa fi kọjá, ó gba owó lọ́wọ́ ẹ̀, ó sì ṣe ìwé fún un. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà ni wọ́n dá ẹ̀gbọ́n mi dúró lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta, wọ́n yẹ ìwé wò, ayédèrú ni. Mọ́tò lọ. Àgẹ́ńtì yẹn ò gbé fóònù mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ò bá mi wí, ohun tó sì dùn mí jù nìyẹn.

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà yẹn ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀. ECOWAS ní owó ìbodè àjùmọ̀lò lóòótọ́, ó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2015 náà, ìpele márùn-ún ni, 0, 5, 10, 20 àti 35. Àmọ́ ohun tó bára mu ni iye tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan á gbà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀. Wọn ò sọ pé tí Benin bá ti gbà á, Nàìjíríà ò ní gbà á mọ́. Ọjà tó lè kọjá láìsan owó nínú ECOWAS, ọjà tí wọ́n ṣe nínú ECOWAS gan-an ni. Mọ́tò tó ti Japan wá, tó san owó ní Kútọnu, tó bá dé bódà wa ní Sẹ̀mẹ̀, àlejò ló tún jẹ́, á tún san án látìbẹ̀rẹ̀. Ìyàtọ̀ wa pẹ̀lú àwọn ará Yúróòpù nìyẹn. Mọ́tò Japan tó bá wọ èbúté Bẹ́ljíọ̀m, tó san dúútì níbẹ̀, ó lè dé Jámánì, ó lè dé Ítálì, ẹnikẹ́ni ò ní bi í ní dúútì mọ́, torí inú àpò kan náà lowó yẹn ń lọ. Tiwa, àpò wa ò tíì pa pọ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀ pẹ̀lú àpò tiẹ̀.

Nígbà tó wá di ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2017, Nàìjíríà ti ilẹ̀kùn yẹn pátápátá. Wọ́n ní kò sí mọ́tò, tuntun ni o, tòkunbọ̀ ni o, tó gbọdọ̀ gba bódà orí ilẹ̀ wọlé mọ́, èbúté omi nìkan. Lóṣù kẹjọ ọdún 2019, wọ́n ti bódà fúnra ẹ̀, oṣù kejìlá 2020 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ síí ṣí i, Sẹ̀mẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé lẹ́bàá ibí mọ ohun tójú yín rí lásìkò yẹn, mi ò ní tún un sọ fún yín. Àmọ́ àwọn ará Kútọnu náà jìyà ẹ̀, torí ọ̀pọ̀ nínú mọ́tò tó ń gúnlẹ̀ níbẹ̀, Nàìjíríà ni wọ́n ń wò. Èèyàn Benin ò tó mílíọ̀nù 15, tiwa ju 200 mílíọ̀nù lọ. Ẹ ronú ẹ̀ wò, ọgbà tí wọ́n kó mọ́tò kún fún ọjà èèyàn tó tó yẹn, ó wá di pé kí wọ́n tà á fún ìwọ̀nba tó wà nílé.

Kẹ́ ẹ má bàa rò pé àwa aláwọ̀ dúdú nìkan ló ń mọ ògiri, ẹ jẹ́ ká rìn jìnnà díẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín Jámánì, Ọ́síríà àti Ítálì wú mi lórí gan-an, torí lọ́hùn-ún kì í ṣe ìjọba ló mọ ògiri, iléeṣẹ́ mọ́tò fúnra ẹ̀ ni.

Lóṣù kẹsàn-án ọdún 1992, lírà, owó tí wọ́n ń ná ní Ítálì nígbà náà, já wálẹ̀. Iye tí wọ́n kọ sára mọ́tò ní Ítálì ò yára gòkè bí lírà ṣe yára já, ni àwọn ará Jámánì àti Ọ́síríà bá rí i pé Volkswagen àti Audi, mọ́tò tí wọ́n ṣe nílé àwọn gan-an, dínwó ní Ítálì ju ti ilé lọ. Wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ síí sọdá. Òfin Yúróòpù ò ní kí wọ́n má rà á, dúútì ò sí láàárín wọn. Kí ni Volkswagen ṣe? Wọ́n sọ fáwọn dílà wọn, àwọn tó ń bá wọn ta mọ́tò, ní Ítálì pé kí wọ́n má tà fún àlejò, wọ́n halẹ̀ mọ́ wọn pé àwọn á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Àwọn tó fẹ́ rà wá lọ fẹjọ́ sùn, European Commission, ìgbìmọ̀ aláṣẹ àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, lọ tú àwọn ọ́fíìsì wò lọ́dún 1995, wọ́n rí ìwé. Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 1998, wọ́n bu owó ìtanràn ECU 102 mílíọ̀nù lé Volkswagen, ECU ni owó tó ṣáájú yúrò. Iléeṣẹ́ náà lọ sí kóòtù, kóòtù dín in kù sí yúrò 90 mílíọ̀nù lọ́dún 2000, àmọ́ ẹ̀bi wà lórí wọn síbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú níbẹ̀ ni pé oníṣòwò fúnra ẹ̀ mọ̀ pé tí ò bá sí ògiri, owó á bára mu, ìyẹn ló ṣe sáré lọ mọ ọ́ níbi tí ìjọba ti wó tiẹ̀.

Kánádà náà rí irú ẹ̀. Oṣù kẹsàn-án 2007, dọ́là Kánádà bá ti Amẹ́ríkà dọ́gba, ó ti pẹ́ tó ti rí bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn, láti 1976. Àwọn èèyàn bá wo iye tí wọ́n kọ sára mọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, wọ́n rí i pé Amẹ́ríkà dínwó dáadáa, wọ́n bá ń sọdá. Àwọn iléeṣẹ́ kan ní dílà Amẹ́ríkà ò gbọdọ̀ tà fún wọn, àwọn kan ní wáráǹtì ẹ̀ ò ní ṣiṣẹ́ ní Kánádà. Ògiri náà ni, wọ́n kàn fi bébà mọ ọ́.

Dẹ́ńmáàkì ló wá yà mí lẹ́nu jù. Ilẹ̀ kan náà ni òun àti Jámánì wà, èèyàn lè wa mọ́tò láti Flensburg nílẹ̀ Jámánì wọ Dẹ́ńmáàkì tààrà. Àmọ́ ẹni tó bá ra mọ́tò tuntun ní Dẹ́ńmáàkì, á san owó ìforúkọsílẹ̀. Bí wọ́n ṣe ṣètò ẹ̀ lọ́dún 2021, 25% lórí 65,000 àkọ́kọ́ nínú kírónà, owó tiwọn, 85% lórí èyí tó kọjá ìyẹn títí dé 202,200, gbogbo ohun tó bá lé, 150%. Ká ní mọ́tò tó jẹ́ kírónà 200,000, tó ti ní VAT 25% nínú. Owó ìforúkọsílẹ̀ ẹ̀ á jẹ́ 16,250 pẹ̀lú 114,750, kírónà 131,000 nìyẹn, kí wọ́n tó yọ àwọn ẹ̀dínwó kan tí wọ́n ní. Jámánì ò ní irú owó yẹn rárá, VAT 19% ti parí ẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ibi tó yani lẹ́nu. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, European Commission máa ń gbé ìwé kan jáde tó fi owó mọ́tò wéra láti ìlú sí ìlú, 2011 ni wọ́n ṣe é kẹ́yìn. Tí wọ́n bá yọ gbogbo owó orí kúrò, Dẹ́ńmáàkì máa ń wà lára ibi tí mọ́tò ti dínwó jù ní Yúróòpù, Jámánì sì máa ń wà lára ibi tó ti wọ́n jù! Ṣé ó yé yín? Iléeṣẹ́ tó ń ṣe mọ́tò ti wo àpò ará Dẹ́ńmáàkì, ó rí i pé ìjọba ti bu púpọ̀ nínú ẹ̀, tóun bá tún gbé owó tòun sókè, kò sẹ́ni tó máa rà á. Ó bá dín tiẹ̀ kù. Torí ẹ̀ làwọn ará Jámánì kan ṣe máa ń lọ ra mọ́tò tuntun ní Dẹ́ńmáàkì, wọn ò ní san owó ìforúkọsílẹ̀ yẹn, wọ́n á gbé e wálé wá san VAT tiwọn. Ará Dẹ́ńmáàkì ò lè ṣe é padà, torí ibi téèyàn ń gbé ló ti gbọ́dọ̀ forúkọ mọ́tò ẹ̀ sílẹ̀, ibi yòówù kó ti rà á, owó yẹn á bá a délé. Ògiri tiwọn ò sí ní bódà, ẹnu ọ̀nà ilé oníkálukú ló wà. Mo bọ̀wọ̀ fún ìyẹn ju tiwa lọ, kì í ṣe pé owó wọn kéré, ó pọ̀ gan-an, àmọ́ wọ́n kọ ọ́ síbi tí gbogbo èèyàn ti lè rí i, ẹni tó bá fẹ́ ra mọ́tò lè ṣírò ẹ̀ nílé dé ẹyọ kírónà kan kó tó jáde.

Ìgbà míì wà tó jẹ́ pé stíárìn ni ògiri. Ní ìparí àwọn ọdún 1990 sí 2000, mọ́tò tuntun ní ìlú Ọba wọ́n ju ti Yúróòpù lọ, ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà yẹn lè rántí ariwo ẹ̀. Pọ́n-ùn, owó wọn, lágbára lásìkò yẹn. Ìgbìmọ̀ ìjọba tó wádìí ẹ̀ sọ lóṣù kẹrin ọdún 2000 pé aráàlú tó ń ra mọ́tò fúnra ẹ̀ ń san nǹkan bíi 10% ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn kan bá ń lọ sí Bẹ́ljíọ̀m lọ rà á, àmọ́ ọwọ́ ọ̀tún ni stíárìn tiwọn wà, wọ́n gbọ́dọ̀ ní kí dílà bá wọn béèrè fún un lọ́tọ̀, dílà míì á fi oṣù mélòó kan dá wọn dúró. Àwa náà ti wà nírú ẹ̀ rí. Títí di ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, apá òsì la fi ń wa mọ́tò ní Nàìjíríà bíi ti Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ará Dahomey, tó di Benin lẹ́yìn náà, apá ọ̀tún ni wọ́n ń gbà bíi ti Faransé. Ẹni tó bá ń ti Ìdí-Ìrókò lọ Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) nígbà yẹn, á pààrọ̀ apá ọ̀nà ní bódà. Ìyẹn náà kì í jẹ́ kí mọ́tò tí wọ́n kó wá fún wọn bá wa lára mu. Ìjọba wó ògiri yẹn lọ́jọ́ kan ṣoṣo, nígbà tó sì yá, ìdíwọ́ kan ti dín kù fún mọ́tò tó fẹ́ ti Kútọnu wá.

Ohun kan ṣì wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ kí n tó jókòó, kẹ́nikẹ́ni má bàa fi ọ̀rọ̀ mi tan ara ẹ̀ jẹ. Orúkọ kan náà lára mọ́tò kò sọ ọ́ di mọ́tò kan náà. Corolla tí wọ́n kó wá sí Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà lè má ní àpò afẹ́fẹ́ tó èyí tí wọ́n tà ní Yúróòpù, ẹ́ńjìnnì ẹ̀ lè yàtọ̀. Kẹ́ ẹ tó sọ pé ibì kan dínwó, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó wà nínú ẹ̀.

Nígbà tí mo parí, ọmọbìnrin kan dìde, ó ń ta ẹ̀yà mọ́tò ní Òwodé. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, ẹ ti sọ pé mọ́tò tí wọ́n ṣe nínú ECOWAS lè kọjá láìsan dúútì. Tí mọ́tò tí wọ́n tò ní Nnewi, ní Ìpínlẹ̀ Anambra wa níbí, bá wá fẹ́ sọdá sí Ìgólò ńkọ́?" Mo dá a lóhùn pé bí òfin ṣe sọ ọ́ ni pé, tí nǹkan tí wọ́n lò bá tó 60% láti ilẹ̀ ECOWAS, tàbí tí iye tí iṣẹ́ ọwọ́ wa fi kún un bá tó 30%, tí wọ́n sì fún un níwèé pé ọmọ ECOWAS ni, ó yẹ kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un. Ó ní ẹ̀yà mọ́tò mélòó ló yẹ kí wọ́n ṣe níbí kó tó dé 30% yẹn, táyà ni àbí bátìrì, gíláàsì ńkọ́, ìjókòó ńkọ́? Ó ti mú bírò jáde. A jọ jókòó sí ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, àwọn tó kù ti ń kó àga, a ń kọ ọ́ sórí ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan, èwo la ti ń ṣe, èwo la lè ṣe, èwo la ṣì gbọ́dọ̀ rà wá láti òkèèrè.